Ìlà Tó Fà Yí Ẹsẹ̀ Mi Ká

Kí n tó mọ orúkọ ọkùnrin náà rárá ló ti di ẹsẹ̀ mi mú. Iṣẹ́ ló fà á. Lẹ́tà ni mò ń pín nígbà náà láti ilé dé ilé, ẹsẹ̀ ni mo sì fi ń pín in, nítorí pé àwọn òpópónà tí wọ́n fún mi kún fún àtẹ̀gùn àti ọ̀nà tóóró tí kẹ̀kẹ́ kò lè gbà. Bàtà kì í pẹ́ lẹ́sẹ̀ mi. Tó bá ti tó oṣù mẹ́fà tàbí méje, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti jẹ tán.

Bàbá kan wà ní ilé ìfìwéránṣẹ́ wa tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa lu òǹtẹ̀ sára lẹ́tà. Bàbá Olóǹtẹ̀ ni gbogbo wa ń pè é. Lọ́jọ́ kan ó wo bàtà mi, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ọmọ mi, ṣé bàtà yìí ló ń gbé ọ ni àbí ìwọ lò ń gbé e?"

"Ẹ fi mí sílẹ̀ jàre, Bàbá. Èkejì tí mo rà lọ́dún yìí nìyẹn."

"Èyí tí wọ́n tò sórí àtẹ ni o rà, ìdí nìyẹn. Lọ bá ọ̀rẹ́ mi kan, oníbàtà ni. Ó máa ń wọn ẹsẹ̀ kó tó rán bàtà. Sọ pé èmi ni mo rán ọ. Kò tíì níyàwó o."

"Bàtà ni mo fẹ́ rà, Bàbá, kì í ṣe ọkọ."

"Mo kàn ní kí n sọ ọ́ ni. Lẹ́tà tí mo bá ti lu òǹtẹ̀ sí, dandan ni kó dé."

Yàrá kan ṣoṣo ni ṣọ́ọ̀bù náà, ó ní fèrèsé ńlá kan tó kọjú sí òpópónà. Àwọn ẹsẹ̀ tí wọ́n fi igi gbẹ́ tò sórí pákó lára ògiri, òórùn gọ́ọ̀mù àti ti awọ tuntun sì gba gbogbo ibẹ̀. Ọkùnrin náà tẹ́ ìwé fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan sílẹ̀, ó ní kí n bọ́ bàtà kí n dúró lé e.

"Ẹ jẹ́ kí gbogbo ara yín wà lórí ẹsẹ̀ méjèèjì. Ẹ má sì rẹ́rìn-ín, torí ẹsẹ̀ máa ń fẹ̀ tí èèyàn bá ń rẹ́rìn-ín."

Mo rẹ́rìn-ín. Ó yọ ìwé náà kúrò, ó tẹ́ òmíràn, ó sì tún bẹ̀rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó gbé pẹ́ńsù kan dúró ṣánṣán, ó fà á láti gìgísẹ̀ mi yí ìka kọ̀ọ̀kan ká títí ó fi padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ó kọ ọjọ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀.

"Ẹ máa ń kó o pamọ́ ni?" ni mo bi í.

"Gbogbo ẹsẹ̀ tó bá wọ ibí ni mò ń kó ìwé rẹ̀ pamọ́. Ẹsẹ̀ èèyàn máa ń yí padà. Oníbàtà tí kò bá mọ bí ẹsẹ̀ ṣe rí tẹ́lẹ̀, ìméfò ló ń ṣe."

Ọ̀rọ̀ yẹn wù mí. Mo rò ó nígbà tí mo ń gun àtẹ̀gùn lọ́jọ́ kejì pé ọkùnrin kan wà ní ìlú yìí tó kó bí ẹsẹ̀ mi ṣe rí pamọ́ sínú àpótí.

Nígbà tí yóò fi ya ìwé kejì, a ti kúrò ní "ẹ", a ti dé "o". Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lójú ọ̀nà mi, nítorí náà kò sí ọjọ́ tí n kì í kọjá níbẹ̀. Á yọ orí lójú fèrèsé.

"Onílẹ́tà, ṣé kò sí tèmi lónìí?"

"Ta ni yóò kọ lẹ́tà sí ọ?"

"Ẹni tí mo rán bàtà fún."

Mo kọ ọ́ lóòótọ́. Mo jókòó sílé, mo kọ ìlà kan péré: Bàtà náà kò ta mí. Mo fi sínú àpòòwé, Bàbá Olóǹtẹ̀ lu òǹtẹ̀ sí i pẹ̀lú agbára bí ẹni ń kan ìṣó, èmi fúnra mi ni mo sì lọ fi jíṣẹ́. Ọjọ́ kẹta, ìdáhùn dé. Òun náà kọ ìlà kan péré: Ṣé o lè wọ̀ ọ́ wá sílé mi? Mo kà á lórí àtẹ̀gùn ilé ẹlòmíràn, mo sì jókòó síbẹ̀ títí tí onílé fi jáde wá bi mí bóyá ó rẹ̀ mí ni.

Oṣù méje lẹ́yìn ìyẹn ló ya ìwé kẹta. Mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí i, nítorí ọjọ́ náà ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dúró lé. Ó fa ìlà yí ẹsẹ̀ òsì mi ká, ó dúró. Ó pa á rẹ́, ó tún fà á. Ó wá fi àtàǹpàkò ọwọ́ rẹ̀ tẹ ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ náà, lẹ́yìn àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi, ó tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, ó tún tẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ pẹ́ níbẹ̀.

"Ṣé ó ń dùn ọ́?"

"Rárá. Kí ló dé?"

"Kò sí o. Mo kàn fẹ́ràn ẹsẹ̀ yìí ni."

Ara mi gbóná láti ẹsẹ̀ dé orí. Mo gbà á gbọ́. Obìnrin wo ni kò ní gbà á gbọ́?

Bàtà tó rán lẹ́yìn ìyẹn rọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàkíyèsí pé bàtà mìíràn a máa fún mi lẹ́sẹ̀ òsì, kódà sálúbàtà ilé, ṣùgbọ́n tirẹ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo fi ń yangàn níbi iṣẹ́. Mo ní, "Ẹ ò rí i? Ẹsẹ̀ mi gan-an ti mọ ẹni tó ni ín."

Ìyá rẹ̀ kò fẹ́ mi, kò sì fi pamọ́. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ kí i, Bàbá Olóǹtẹ̀ ló mú mi lọ gẹ́gẹ́ bí alárinà. Ìyá jókòó sórí àga tó dojú kọ ilẹ̀kùn, kò sọ pé kí n jókòó.

"Ṣé o ní àìsàn kankan?"

"Rárá, mà."

"Nínú ìdílé yín ńkọ́?"

"Kò sí, mà."

"Rìn dé ibi fèrèsé yẹn, kí o padà wá."

Bàbá Olóǹtẹ̀ ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ìyá wa, ṣé ẹṣin lẹ fẹ́ rà ni?"

"Ẹṣin kò ní dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì ọmọ mi fún ọdún mẹ́jọ," ni Ìyá fèsì. "Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọlé ní àlàáfíà, wọ́n ní. Wọ́n ti mọ̀ nílé wọn pé kò gbádùn, wọn kò sọ. Àkọ́bí mi gbé e lọ, ó gbé e bọ̀, títí òun náà fi ṣubú. Òun ni mo kọ́kọ́ sin. Mi ò ní wo irú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ, rìn kí n rí ọ."

Mo rìn. Kí n má purọ́ fún yín, nígbà yẹn ẹsẹ̀ òsì ti ń ro mí díẹ̀díẹ̀ tí mo bá jí láàárọ̀. Ṣùgbọ́n nínú bàtà yẹn mi ò mọ nǹkan kan lára. Mo lọ, mo bọ̀, bí ọmọge tó ń lọ gba ẹ̀bùn. Mo wo ojú olólùfẹ́ mi tó dúró ti ògiri, òógùn ti bo iwájú orí rẹ̀ bí ẹni pé òun ló gbé àpò lẹ́tà gun òkè. Mo rò pé ìfẹ́ ló ń làágùn bẹ́ẹ̀.

"Ó ń rìn dáadáa," ni Ìyá wí. "Ṣùgbọ́n mi ò tíì gbà. Ẹ jẹ́ kí ọdún yípo ná."

Ọdún yípo, Ìyá tún ní kí a ní sùúrù. A dá ọjọ́ ìgbéyàwó lẹ́ẹ̀kan, a sún un síwájú. A tún dá a. Ní gbogbo àsìkò yẹn ẹsẹ̀ mi kò dúró de ẹnikẹ́ni. Nígbà tó ya ìwé kẹfà, ìrora náà ti ń jí mi lójú oorun, mo sì sọ fún un.

"Mú un mọ́ra díẹ̀," ló wí. Kò gbé ojú sókè kúrò lórí ìwé. "Ó ku oṣù mẹ́ta péré. Tí a bá ti ṣe ìgbéyàwó tán, èmi àti ìwọ la jọ máa lọ rí dókítà. Má jẹ́ kí Ìyá gbọ́."

Mo rò ó wò nínú ọkàn mi: kí ló dé tó fi jẹ́ ẹ̀yìn ìgbéyàwó? Ṣùgbọ́n ó ti sọ pé "èmi àti ìwọ". Ọ̀rọ̀ yẹn ló gba ẹnu mi.

Kò pé oṣù kan lẹ́yìn ìyẹn tí mo fi ṣubú. Mo ń sọ̀ kalẹ̀ láti òkè kẹta ilé kan, mo gbé ẹsẹ̀ òsì lé àtẹ̀gùn, mo sì gbọ́ nǹkan tó ró bí ìgbà tí èèyàn ṣẹ́ igi gbígbẹ. Lẹ́tà àwọn èèyàn fọ́n ká títí dé ìsàlẹ̀.

Obìnrin ni dókítà egungun náà. Ó gbé ẹ́síréè mi kọ́ sára dígí tó ní iná lẹ́yìn.

"Wò ó. Egungun gígùn tó wà lẹ́yìn àtàǹpàkò ẹsẹ̀ nìyí. Ó yẹ kó rí tẹ́ẹ́rẹ́ bíi ti ẹsẹ̀ kejì. Ṣùgbọ́n ó ti wú bíi bàlúùnù, ara rẹ̀ sì ti fẹ́lẹ́ bí èèpo ẹyin. Ìdí nìyẹn tó fi ṣẹ́. Nǹkan kan ló ń hù nínú rẹ̀."

"Ṣé jẹjẹrẹ ni?"

"Mi ò ní sọ pé òun ni, mi ò sì ní sọ pé òun kọ́, àfi tí a bá mú díẹ̀ níbẹ̀ lọ yẹ̀ wò."

Wọ́n fi abẹ́rẹ́ ńlá kan mú un. Ọjọ́ mẹ́wàá ni mo fi dúró de èsì. Olólùfẹ́ mi ń wá lójoojúmọ́, ó ń jókòó síwájú mi, kò sì lè jẹun. Èmi ni mò ń tù ú nínú. Mo ń sọ fún un pé, "Má dààmú, o kò mọ̀, èmi náà kò mọ̀." Ó máa ń sunkún tí mo bá sọ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí èsì dé, dókítà rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Kì í ṣe jẹjẹrẹ. Kókó kan ni tó ṣọ̀wọ́n gan-an, mi ò tíì rí ju mẹ́ta lọ láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Kì í sábà kúrò níbi tó wà, ṣùgbọ́n ó máa ń jẹ egungun tó bá wà nínú rẹ̀. Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?"

"Ó ti lé díẹ̀ ní ọdún kan, mà."

Ó mi orí. "Èyí ti pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo fẹ́ mọ bó ṣe ń yára dàgbà tó, kí n tó fọwọ́ kàn án. Ṣé o ní fọ́tò àtijọ́ kankan tó fi ẹsẹ̀ rẹ hàn?"

Mo yangàn. Ọlọ́run mi, mo yangàn. Mo ní, "Mo ní ohun tó dára ju fọ́tò lọ. Oníbàtà ni ọkọ àfẹ́sọ́nà mi."

Bàbá Olóǹtẹ̀ ló bá mi wá ọkọ̀ dé ṣọ́ọ̀bù, mo sì fi ọ̀pá tí à ń kì bọ abíyá wọlé. Oníbàtà ti lọ ra awọ. Ìyá rẹ̀ ló wà níbẹ̀, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì nu bàtà oníbàárà. Mo sọ ohun tí dókítà wí.

"Wọ́n wà nínú àpótí yẹn," ló dáhùn. "Tìrẹ ló wà lókè. Kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án."

Mo kó ìwé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà dé ojú fèrèsé. Mo gbé èkíní àti èkejì lé ara wọn, mo fi wọ́n sójú ìmọ́lẹ̀: ìlà wọn bára mu bí ẹni pé ọjọ́ kan náà ni. Mo gbé ẹ̀kẹta lé e. Ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ òsì ti yọ síta díẹ̀, bí etí abọ́. Mo rí ibi tó ti pa ìlà rẹ́ tó tún un fà. Ní ẹ̀kẹrin, ó yọ sí i. Ní ẹ̀karùn-ún, ní ẹ̀kẹfà. Kì í ṣe ìyẹn nìkan. Láti ìwé kẹta lọ, ó fi pẹ́ńsù kọ nọ́ńbà wẹ́wẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ibi tó wú náà, bó ṣe fẹ̀ tó, nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan sì ju ti ìṣáájú lọ. Ó ti ń wọ̀n ọ́n. Ọdún méjì ló ti ń wọ̀n ọ́n, tó ń rán bàtà òsì ní fífẹ̀ sí i, tó ń fi awọ rírọ̀ tẹ́ inú rẹ̀, kí n má baà mọ̀.

Ìgbà yẹn ni mo rántí ọwọ́ rẹ̀ tó pẹ́ lára ẹsẹ̀ mi.

"Kí ló wà níbẹ̀ tí o fi ń wò ó bẹ́ẹ̀?" ni Ìyá bi mí.

Ó dìde, ó wọ dígí ojú rẹ̀, ó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó gbé wọn sójú ìmọ́lẹ̀ bí mo ti gbé e. Ó pẹ́ níbẹ̀.

"Ó mọ̀," ló wí.

Ó jókòó. Ó tún dìde.

"Èmi ò fẹ́ ọ, mo sì sọ ọ́ lójú rẹ. Ẹni tó fẹ́ ọ ni kò sọ." Ó ká àwọn ìwé náà, ó fa okùn bàtà kan yọ, ó fi dì wọ́n. "Gbà, gbé e fún dókítà. Mi ò tíì fẹ́ ọ síbẹ̀ o. Ṣùgbọ́n irú èyí tí wọ́n ṣe fún àkọ́bí mi nìyí, èmi ni mo sì bí ẹni tó ṣe é."

Oníbàtà wá bá mi ní ọsibítù ní ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú iṣẹ́ abẹ. Ó mọ̀ pé mo ti mọ̀. Ó dúró sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, kò jókòó.

"Onílẹ́tà mi."

"Má pè mí bẹ́ẹ̀. Sọ̀rọ̀."

"Mo fẹ́ sọ fún ọ lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ẹnu mi. Ṣùgbọ́n tí o bá lọ rí dókítà, Ìyá á gbọ́, tí Ìyá bá sì gbọ́, ó ti parí nìyẹn. Mo ní kí n kọ́kọ́ fẹ́ ọ ná. Mo rò pé oṣù díẹ̀ ni. Ìyá wá ń sún un síwájú, ọjọ́ sì ń gorí ọjọ́. Mo ń ṣe gbogbo ohun tí ọwọ́ mi lè ṣe kó má ta ọ́."

"O ṣe é. Kò ta mí. Ká ní ó ta mí ni, mi ò bá ti lọ."

Ó bo ojú rẹ̀.

"Báwo lo ṣe mọ̀ pé kì í ṣe jẹjẹrẹ?" ni mo bi í.

"Mi ò mọ̀."

"Tó bá wá jẹ́ òun ńkọ́?"

Mo dúró dè é. Nọ́ọ̀sì wọlé, ó wọn ìfúnpá mi, ó jáde.

"Ìfẹ́ ló fà á," ló wá wí níkẹyìn.

"Mo mọ̀," ni mo dáhùn. "Máa lọ sílé."

Mo fẹ́ kó kọ̀. Kí n sọ òtítọ́, bó bá jókòó ni, bó bá di ẹsẹ̀ tó kù mú, mi ò mọ ohun tí ǹ bá ṣe. Ṣùgbọ́n ó lọ.

Ká ní mo tètè wá ni, dókítà ní, wọn ì bá kàn là á, wọn ì bá ha kókó náà jáde, kí wọ́n sì fi egungun díẹ̀ láti ìbàdí mi dí ihò rẹ̀. Ǹ bá ti máa rìn bíi ti tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tó kù láti ha mọ́. Wọ́n yọ egungun náà lódindi, wọ́n gé egungun gígùn kan ní ìbàdí mi, wọ́n fi irin àti ìdè onírin kan án mọ́ ibẹ̀. Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ òsì mi kò ní tẹ̀ mọ́ láéláé. Dókítà ní kókó náà lè padà wá, kí n máa ṣọ́ ẹsẹ̀ náà dáadáa.

Wọ́n gba àtẹ̀gùn lọ́wọ́ mi níbi iṣẹ́. Wọ́n fún mi ní àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá Olóǹtẹ̀, kí n máa ṣa lẹ́tà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni lẹ́tà kan ń bọ̀ sórúkọ mi. Bàbá á lu òǹtẹ̀ sí i, lọ́tẹ̀ yìí jẹ́jẹ́, á tì í sí iwájú mi.

"Ọmọ mi, dárí jì í. Ọkùnrin náà ti rù. Ìyá gan-an ti gbà."

"Ó gbà?"

"Ó ní bó bá jẹ́ ìwọ ni, òun gbà. Ó ní o jẹ́ olóòótọ́."

Mo rẹ́rìn-ín débi tí omi fi bọ́ lójú mi.

"Bàbá, ẹ sọ fún mi lẹ́ẹ̀kan pé lẹ́tà tí ẹ bá lu òǹtẹ̀ sí, dandan ni kó dé."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ó dé. Gbogbo rẹ̀ ló ń dé. Mo ń kà á. Mo fẹ́ràn rẹ̀ síbẹ̀, Bàbá. Ṣùgbọ́n bó bá di ọwọ́ mi mú lọ́la, tó bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó, n óò máa ronú pé kí ló rí níbẹ̀ tí kò sọ."

Bàbá gbé òǹtẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Kò tún bẹ̀ mí mọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, bàtà kan dé nínú páálí, kò sí lẹ́tà nínú rẹ̀. Ìsàlẹ̀ ti òsì le, ó sì tẹ̀ sókè níwájú, kí ẹsẹ̀ tí kò lè tẹ̀ baà lè yí gbirigbiri lórí rẹ̀. Kò wọn ẹsẹ̀ mi kó tó rán an, ọ̀dọ̀ dókítà sì ni àwọn ìwé náà wà. Mo fi í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo ń fi sálúbàtà lọ síbi iṣẹ́. Níkẹyìn mo wọ̀ ọ́, nítorí kò sí bàtà mìíràn tí ẹsẹ̀ mi lè wọ̀. Kò ta mí.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọ̀ọ̀kan, tí mo bá ti wẹ̀ láàárọ̀, mo máa ń tẹ́ ìwé sílẹ̀ nínú yàrá mi. Mo dúró lé e, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo fi pẹ́ńsù fa ìlà yí ẹsẹ̀ òsì mi ká, mo kọ ọjọ́ sí i, mo gbé e lé ti oṣù tó kọjá lójú fèrèsé. Títí di ìsinsìnyí, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò tíì yọ. Ibi gìgísẹ̀ nìkan ni ìlà náà máa ń wọ́. Èèyàn kò lè bẹ̀rẹ̀ dé ẹ̀yìn ara rẹ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ má gbọ̀n. Ibẹ̀ nílò ẹlòmíràn tó kúnlẹ̀.